Bí Máàkì Ìdánwò Ṣe Ń Di Pásẹ́ǹtì, àti Ibi Tí Ìṣirò Rẹ̀ Ti Máa Ń Wọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba máàkì 34 nínú ẹ̀kọ́ kan, ó gba 51 nínú òmíràn. Nínú èwo ló ti ṣe dáadáa jù? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn àfi ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n fi ṣe àpapọ̀ máàkì ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Bí 34 yẹn bá jẹ́ nínú 40, tí 51 sì jẹ́ nínú 75, ibi tó ti gba 34 ló ti ṣe dáadáa jù, àlàfo àárín wọn kò sì kéré: 85% nìyí, 68% nìyẹn. Iṣẹ́ tí pásẹ́ǹtì wà fún gan-an nìyẹn. Ó ń gbé àwọn máàkì tí àpapọ̀ wọn kò dọ́gba sórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, bí ẹni pé inú 100 ni wọ́n ti gba gbogbo wọn.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò le. Ohun tó ń da òbí, akẹ́kọ̀ọ́, àní olùkọ́ pàápàá rú ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ìyẹn iye tí a ó fi pín máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ dájú ti parí iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣì í mú, bó ti wù kí kalikulétọ̀ rẹ̀ dára tó, èsì tí kò tọ̀nà ló máa fún un.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é

Ẹ mú máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, ẹ fi máàkì kíkún pín in, kí ẹ sì sọ ohun tó bá jáde di ìlọ́po 100. Máàkì kíkún ni iye tí ẹni tó bá gba gbogbo ìbéèrè ìdánwò náà máa ní. Fún 34 nínú 40:

34 ÷ 40 = 0.85
0.85 × 100 = 85%

Bí kò bá sí kalikulétọ̀ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 100 kí ẹ tó pín in: 34 × 100 jẹ́ 3,400, 3,400 ÷ 40 jẹ́ 85. Èsì kan náà ni, àmọ́ désímà kì í tètè yọjú nínú ọ̀nà kejì yìí, ìyẹn ló fi rọrùn láti ṣe lórí bébà.

Àwọn àpapọ̀ tó wọ́pọ̀ ní ọ̀nà àbùjá, ó sì dára kí olùkọ́ tó ní ìwé ìdánwò púpọ̀ níwájú mọ̀ wọ́n lórí. Ohun tó bá jẹ́ nínú 50, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èyí tó jẹ́ nínú 25, ìlọ́po mẹ́rin. Nínú 20, ìlọ́po márùn-ún. Bó bá jẹ́ nínú 40, ẹ sọ máàkì náà di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fi ìdajì máàkì yẹn kún un: 34 di 68, ìdajì 34 jẹ́ 17, àpapọ̀ wọn jẹ́ 85. Bó bá jẹ́ nínú 80, ìdá mẹ́rin máàkì náà ni kí ẹ fi kún un: 52 àti 13 jẹ́ 65%. Bó bá jẹ́ nínú 75, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni ẹ ó fi kún un: 51 àti 17 jẹ́ 68%. Nínú 60, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà kí ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá: 45 di 7.5, 7.5 di 75%. Nínú 150, ẹ yọ ìdá mẹ́ta kúrò lára rẹ̀: 120 dín 40 jẹ́ 80%. Nínú 200, ẹ dá a sí méjì.

Kí ẹ tó kọ èsì sílẹ̀, ẹ fi ojú wo ìdajì. Bí máàkì bá ju ìdajì àpapọ̀ lọ, pásẹ́ǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 50 lọ. Bí kò bá tó ìdajì, kò gbọ́dọ̀ pé 50. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yìí máa ń mú àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn kí èèyàn dorí ìpín kodò. Ẹni tó bá fi 34 pín 40 máa rí 1.176, yóò sì kọ 117.6% sílẹ̀. Bí èsì bá kọjá 100 níbi tí kò ti sí máàkì ènì, ọ̀kan nínú méjì ló ṣẹlẹ̀: wọ́n ti dorí ìpín kodò, tàbí máàkì kíkún tí wọ́n lò kì í ṣe ti ìdánwò yẹn.

Bọ́tìnì % tó wà lára kalikulétọ̀ náà máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Lórí ọ̀pọ̀ kalikulétọ̀, tí ẹ bá tẹ 34 ÷ 40, tí ẹ wá tẹ %, 85 ló máa gbé jáde, nítorí pé bọ́tìnì náà ti bá yín ṣe ìlọ́po 100. Bí ẹ bá tún wá fi × 100 lé e, 8,500 lẹ máa rí. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

A tún máa ń nílò láti rìn padà, láti pásẹ́ǹtì sí máàkì. Bí wọ́n bá ní ẹni tó máa yege gbọ́dọ̀ ní 45%, tí máàkì kíkún jẹ́ 70, máàkì mélòó nìyẹn? 45 ÷ 100 × 70 jẹ́ 31.5. Níbi tí wọn kì í ti fúnni ní ààbọ̀ máàkì, 32 ló máa gbà á là, torí pé 31 kò ju 44.3% lọ. Òkè la máa ń sún irú èyí sí nígbà gbogbo, ì báà tiẹ̀ jẹ́ 31.1.

Kí gan-an ni máàkì kíkún?

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí orí ìwé ìbéèrè ti tó, tàbí pé kéèyàn ṣáà ka iye ìbéèrè. Nígbà mìíràn, ó rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ẹ wo ìdánwò tó ní ìbéèrè méje, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 20, tí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn márùn-ún péré. Máàkì kíkún ìdánwò yìí jẹ́ 100. Kì í ṣe 140, nítorí kò sí ẹni tí òfin ìdánwò náà gbà láyè láti gba 140. Ẹni tó gba 70 níbẹ̀ ní 70%. Ẹni tó bá fi 140 pín in fún un ti sọ ọ́ di 50%, ìyà tí kò jẹ gbèsè rẹ̀ ló sì fi jẹ ẹ́.

Ti ìdánwò tí wọ́n ti máa ń yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà tún yàtọ̀. Ká ní ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀, máàkì 4 fún ìdáhùn tó tọ̀nà, wọ́n sì ń yọ máàkì 1 fún èyí tí kò tọ̀nà; èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fò, kò gbà, kò pàdánù. Máàkì kíkún rẹ̀ jẹ́ 60 × 4, ìyẹn 240. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 38, ó ṣi 12, ó fo 10. Ohun tó gbà jẹ́ 152, wọ́n yọ 12 kúrò, ó ku 140. 140 ÷ 240 × 100 jẹ́ 58.33%. Ọ̀pọ̀ ló máa mú 38, tí wọ́n á fi 60 pín in, tí wọ́n á sì máa yangàn pẹ̀lú 63.33%. Iye ìbéèrè tó gbà ní 63.33% yẹn ń sọ, kò sọ iye máàkì rẹ̀. Nínú irú ìdánwò yìí, máàkì lè wọ ìsàlẹ̀ òdo bí àṣìṣe bá pọ̀, nítorí náà ẹ wo òfin rẹ̀ bóyá wọ́n máa ń dá irú máàkì bẹ́ẹ̀ padà sí 0.

Bí wọ́n bá wọ́gi lé ìbéèrè kan lẹ́yìn ìdánwò nítorí pé ó ní àṣìṣe, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ṣe é, èsì wọn kò sì bára mu. Ká ní ìbéèrè 50 ni, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọ́gi lé méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 36 nínú 48 tó kù. Bí wọ́n bá yọ ìbéèrè méjèèjì kúrò pátápátá, 36 ÷ 48 ni, ìyẹn 75%. Bí wọ́n bá fún gbogbo èèyàn ní máàkì àwọn ìbéèrè náà ní ọ̀fẹ́, 38 ÷ 50 ni, ìyẹn 76%. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà ló máa sọ èyí tí wọ́n mú. Ohun tí kò tọ̀nà rárá ni kí wọ́n yọ máàkì kúrò lókè kí wọ́n sì fi 50 sílẹ̀ nísàlẹ̀, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò bọ́ sí 72% láìṣẹ̀ láìrò.

Máàkì ènì kì í wọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Bí ìdánwò bá jẹ́ 50, tí ìbéèrè ènì máàkì 5 wà lẹ́yìn rẹ̀, 50 la ṣì máa fi pín. Ẹni tó gba 52 ní 104%, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fi 55 pín ni ẹ ti sọ ènì di dandan fún ẹni tí kò ṣe é.

Àìsí níbi ìdánwò kì í ṣe òdo, bó bá jẹ́ pé ìdí gidi wà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní 80% àti 70%, tí kò sì lè jókòó fún ìdánwò kẹta, ní 75% bí wọ́n bá fi méjì pín àpapọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 0 fún ẹ̀kẹta tí wọ́n sì fi mẹ́ta pín, 50% ló kù sí i lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ 25 nìyẹn, láti orí ohun tí wọ́n kọ sínú àlàfo kan. Kò yẹ kí ẹni tó ń ṣe ìṣirò dá ìpinnu yẹn ṣe. Kó béèrè.

Nígbà tí ìdánwò bá ju ẹyọ kan lọ

Ẹnì kan ṣe ìdánwò mẹ́ta: 18 nínú 20, 45 nínú 60, 52 nínú 80. Ọ̀nà kan ni kí a ro àwọn máàkì pọ̀, kí a ro máàkì kíkún náà pọ̀: 115 nínú 160, ìyẹn 71.875%. Ọ̀nà kejì ni kí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di pásẹ́ǹtì kí a tó wá àròpín wọn: 90, 75 àti 65 jẹ́ 230, tí a bá pín in sí mẹ́ta, 76.67%. Èwo ló tọ̀nà? Méjèèjì tọ̀nà, ohun tí wọ́n ń sọ ni kò papọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo máàkì ló dọ́gba, nítorí náà ìdánwò tó jẹ́ 80 ní agbára ìlọ́po mẹ́rin èyí tó jẹ́ 20. Nínú ti kejì, gbogbo ìdánwò ló dọ́gba, bó ti wù kí àpapọ̀ rẹ̀ kéré tó. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe dáadáa jù nínú èyí tó kéré, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà kejì fi gbè é. Bí máàkì kíkún gbogbo wọn bá jẹ́ iye kan náà, ọ̀nà méjèèjì á fúnni ní èsì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ àṣà pé kò sí ìyàtọ̀.

Ọ̀nà kẹta ló wọ́pọ̀ jù ní ilé ẹ̀kọ́: wọ́n á fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ nínú èsì ìparí. Ká ní iṣẹ́ àárín sáà kó 30%, ìdánwò ìparí sáà kó 70%. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 21 nínú 25 fún iṣẹ́ àárín sáà, ó gba 54 nínú 80 nínú ìdánwò.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di pásẹ́ǹtì tirẹ̀: 21 ÷ 25 jẹ́ 84%, 54 ÷ 80 jẹ́ 67.5%. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan lù ú: 84 × 0.30 jẹ́ 25.2, 67.5 × 0.70 jẹ́ 47.25. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 72.45%.

Ẹni tó bá kàn ro 21 àti 54 pọ̀, tó sì fi 105 pín in, máa rí 71.43%. Ẹni tó bá wá àròpín 84 àti 67.5 máa rí 75.75%. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, ìwé ìdánwò kan náà, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ìṣirò òun kò bá ti ilé ẹ̀kọ́ mu, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹ tún rí i dájú pé àwọn ìwọ̀n náà pé 100 tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 95 péré, iṣẹ́ kan wà tí wọn kò tíì kọ síbẹ̀.

Ìwọ̀n yìí náà la fi ń mọ iye tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbà nínú ìdánwò tó ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ yìí ti ní 25.2 sí ọwọ́ kó tó wọlé ìdánwò. Bó bá fẹ́ 60% lápapọ̀, ó ku 34.8. Ẹ fi 0.70 pín 34.8, ó jẹ́ 49.71%, ìyẹn nínú 80 jẹ́ máàkì 39.77. 39 kò ní tó, nítorí 59.325% ló máa gbé e dé. Ó gbọ́dọ̀ gba 40, tó máa fún un ní 60.2%. Mo gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí wọ́n ṣe ìṣirò yìí ṣáájú ìdánwò, torí pé ìbẹ̀rù máa ń dín kù nígbà tí èèyàn bá mọ ibi tó ń sáré lọ gan-an.

Sísún nọ́ńbà sí odidi

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ pásẹ́ǹtì láìsí désímà. Bí ohun tó wà lẹ́yìn désímà bá jẹ́ 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sún un sókè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á já a sílẹ̀. 72.45 di 72, 72.5 di 73. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í sún nǹkan kan sókè, wọ́n kàn ń gé désímà dànù ni, débi pé 72.9 á ṣì jẹ́ 72. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ òfin ibi tí ẹ wà.

Ìparí ìṣirò ni kí ẹ tó sún ohunkóhun, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni. Ẹ wo ìdánwò mẹ́ta tí wọ́n dọ́gba ní ìwọ̀n: 19 nínú 32, 29 nínú 48, 38 nínú 64. Pásẹ́ǹtì wọn jẹ́ 59.375, 60.417 àti 59.375. Àròpín wọn jẹ́ 59.72, èyí tó di 60 nígbà tí a bá sún un. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ sọ wọ́n di 59, 60 àti 59 máa ní àròpín 59.33, ìyẹn 59. Bó bá jẹ́ pé 60 ni wọ́n fi ń yege, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fìdí rẹmi nítorí ìkánjú ẹni tó ṣírò rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: 59.46 tí ẹnì kan sọ di 59.5, tí ẹlòmíràn wá gba ọwọ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ di 60. 59 ni 59.46.

Tí ẹ bá ń lo Excel tàbí Google Sheets

Ẹ fi máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sí òpó kan, kí máàkì kíkún wà ní òpó mìíràn. Ẹni tó bá kọ 5/20 sínú àpótí kan ṣoṣo lè rí i pé ó ti di ọjọ́ inú oṣù mọ́ ọn lójú. Bí máàkì bá wà ní B2, tí máàkì kíkún sì wà ní C2, ẹ kọ =B2/C2 sí D2, kí ẹ wá tẹ àmì % lókè láti fi yí bí ó ṣe ń hàn padà. Ẹ má fi *100 kún un. Àmì % yẹn ti ń fi 0.85 hàn bíi 85%. Bí ẹ bá tún fi *100 sí i, 8500% lẹ máa rí.

Bí máàkì kíkún gbogbo kíláàsì bá wà nínú àpótí kan ṣoṣo, bíi C1, ẹ kọ ọ́ báyìí: $C$1. Láìsí àmì $ méjèèjì, bí ẹ bá ti ń fa ìṣirò náà wálẹ̀ ni ètò náà á máa kúrò lórí C1 bọ́ sí C2, C3. Bí àpótí tó bọ́ sí bá ṣófo, #DIV/0! lẹ máa rí, èyí sì dáa torí pé àṣìṣe náà fara hàn. Èyí tó burú ni kó bọ́ sórí nọ́ńbà mìíràn, kó sì pín in láìsọ ohunkóhun.

Ohun méjì tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àkọ́kọ́, AVERAGE, ìyẹn àṣẹ tó ń wá àròpín, kì í ka àpótí tó ṣófo, ṣùgbọ́n ó máa ń ka 0. Nítorí náà, ẹni tó bá fi òfìfo sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá àti ẹni tó kọ 0 fún un kì í rí èsì kan náà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i nínú 75% àti 50% lókè. Èkejì, ohun tó ń hàn lójú àpótí kì í sábà jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. 0.596 lè máa hàn bíi 60%, síbẹ̀ kí =IF(D2>=0.6,"Yege","Kò yege") sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò yege. Kọ̀ǹpútà kò ṣì í, 59.6% ló ń kà. Bí òfin yín bá ní kí ẹ sún un sí odidi kí ẹ tó ṣe ìpinnu, ẹ kọ ọ́ sínú ìṣirò náà fúnra rẹ̀: =ROUND(B2/C2,2). Iye désímà 2 yìí ló ń sọ 0.596 di 0.60.

Ohun tí pásẹ́ǹtì kò sọ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò ní 60%, ó dé 75%. Ṣé 15% ló fi pọ̀ sí i? Pọ́ínìtì 15 ló fi gòkè. Bó bá jẹ́ pásẹ́ǹtì la fẹ́ fi sọ bí máàkì rẹ̀ ṣe pọ̀ sí i sí, 15 ÷ 60 ni, ìyẹn 25%. Ìdàrúdàpọ̀ yìí máa ń le nígbà tí olùkọ́ bá kéde pé òun máa fi 10% kún máàkì gbogbo èèyàn. Ẹni tó ní 60% lè máa retí 70%, kó sì jẹ́ pé 66% ni olùkọ́ ní lọ́kàn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá 60 tó fi kún un. Ó sàn kí ó sọ ọ́ gbangba pé pọ́ínìtì 10 ni, tàbí pé ìlọ́po 1.1 ni.

Pásẹ́ǹtì kì í sì í ṣe percentile, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ń lo òṣùwọ̀n 100. Pásẹ́ǹtì ń sọ iye tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà nínú máàkì kíkún. Percentile ń sọ iye èèyàn tó fi sẹ́yìn. Bí èèyàn 200 bá ṣe ìdánwò kan tó le, tí 180 nínú wọn sì gba iye tó kéré sí ti ẹnì kan tó ní 62%, ipò 90 ni onítọ̀hún wà ní percentile. Ẹni tó bá rí 90 lórí èsì rẹ̀ tó sì rò pé òun gba mẹ́sàn-án nínú ìbéèrè mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ti ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

Léfẹ́ẹ̀lì tí ìṣirò yìí kò dé rárá ni ti àwọn òṣùwọ̀n tí kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ń lọ láti 400 dé 1600. Ẹni tó ní 1200 kò ní 75%, nítorí pé ẹni tí kò gba ìbéèrè kan ṣoṣo náà ní 400, wọ́n sì ti yí máàkì náà padà kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Jámánì, 1.0 ló dára jù lọ ní yunifásítì, 4.0 ni ìkẹyìn tó yege, 5.0 ni ìfìdírẹmi. Ẹni tó bá fi 5 pín 2.0 tó sì kọ 40% ti sọ akẹ́kọ̀ọ́ tó dára di ọ̀lẹ. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń lò fún máàkì ilẹ̀ òkèèrè ni kí wọ́n yọ máàkì tí èèyàn gbà kúrò nínú èyí tó ga jù lọ, kí wọ́n fi àlàfo tó wà láàárín èyí tó ga jù lọ àti èyí tí wọ́n fi ń yege pín in, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí wọ́n wá fi 1 kún un. Ẹni tó ní 80% níbi tí 50% ti jẹ́ àṣeyege máa ní 20 ÷ 50 × 3 + 1, ìyẹn 2.2.

GPA, ìyẹn àròpín pọ́ínìtì tí wọ́n fún lẹ́tà èsì (A, B, C) ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, náà kì í padà di pásẹ́ǹtì nípa pípín. Ká ní A bẹ̀rẹ̀ láti 70 dé 100, tí A sì jẹ́ 4. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 71 nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 4.0, èyí tó gba 98 nínú gbogbo tirẹ̀ náà ní 4.0. Bí ẹ bá fi 4 pín in tí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100, àwọn méjèèjì á di 100%, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gba 100%. Máàkì tó ti wọ inú lẹ́tà kò ṣeé fà jáde mọ́, àfi kí èèyàn padà sídìí èsì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí fọ́ọ̀mù kan bá wá ń béèrè pásẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹni tó ní GPA nìkan, ẹ wá àtẹ ìyípadà tí ilé ẹ̀kọ́ tó fúnni ní GPA náà ṣe, kí ẹ lo nọ́ńbà inú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ GPA náà pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, bíi "3.2 lórí 4.0" tàbí "3.2 lórí 5.0", torí pé 3.2 nìkan kò sọ èwo nínú méjèèjì ni.